Bí ìjì oòrùn bá mú iná lọ, ta ni yóò bu omi sí ríákítọ̀?

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni:

“Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń gbé ní ìlú Pickering ní Kánádà, kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ núkílíà tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sínú WhatsApp ẹgbẹ́ wa pé ìjì kan ń bọ̀ láti ojú oòrùn, tí gbogbo ilé iṣẹ́ núkílíà ayé yóò bú gbàmù, tí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn yóò fọ́jú, a ò sì ní mọ̀ títí májèlé á fi dé Abẹ́òkúta. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n ní kó kó kúrò níbẹ̀? Wọ́n tún ní ìjọba wa náà fẹ́ kọ́ irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?”

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù: ẹ má wulẹ̀ ní kí ọmọ yín kó kúrò. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn dà bí ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọn ò ṣà. Ìrẹsì wà níbẹ̀, òkúta náà wà níbẹ̀, ẹni tí ò bá fara balẹ̀ ṣà á, eyín ni yóò fi mọ̀.

Òkúta ibẹ̀ ni pé oòrùn yóò mú kí ríákítọ̀, ìyẹn ìkòkò ńlá tí ooru núkílíà ti ń jáde, bú. Ohun tí oòrùn ń jù sí wa ò dé ibi tí yùréníọ́mù, epo inú rẹ̀, wà rárá. Irin àti kọnkéré tó nípọn ló yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run àti agbára òòfà ilẹ̀ ayé ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró kó tó kan ilẹ̀. Ohun tí ìjì oòrùn lè ṣe ni kó mú iná lọ. Èyí ni ìrẹsì inú rẹ̀, kò sì kéré. Nítorí náà mi ò ní sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù fún yín lónìí. Wáyà, omi àti dísẹ́ẹ̀lì ni n ó sọ.

Oòrùn tó ń gbẹ aṣọ yín lórí okùn, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àti ooru nìkan ló ń tú jáde. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń pọ ìdì ńlá kan jáde láti ara rẹ̀: èérún tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, tí iná wà lára wọn, pẹ̀lú agbára òòfà tó so wọ́n pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdì yìí máa ń lo ọjọ́ kan sí mẹ́ta lójú ọ̀nà, àfi èyí tó bá yára jù, tó lè dé kí wákàtí 18 tó pé. Bó bá dé, á mi agbára òòfà ilẹ̀ ayé jìgìjìgì, mímì yẹn ló sì ń fi iná sínú ohunkóhun tó bá gùn tó sì jẹ́ irin: wáyà, ojú irin rélùwéè, páìpù epo.

Èyí tó le jù nínú àwọn tí a ní àkọsílẹ̀ wọn dáadáa ṣẹlẹ̀ ní oṣù September 1859. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Carrington, ń ya àwòrán àbàwọ́n ojú oòrùn nígbà tó rí i tí iná funfun kan kọ yẹ̀rì láàárín wọn. Kò pé wákàtí 18 tí ìjì náà fi dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹligíráàfù tó wà ní Boston àti Portland ní Amẹ́ríkà yọ bátìrì wọn kúrò, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí iná tí ìjì náà fi sínú wáyà. Ọdún yẹn kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta níbí. Kò sí wáyà kankan nílùú wa nígbà náà tí ìjì ì bá mú. Ẹni tí ò ní fìlà, atẹ́gùn ò lè gbé fìlà rẹ̀ lọ.

Lónìí, fìlà ti pọ̀ lórí ayé. Iná NEPA ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tí ìjì oòrùn ń fi sínú wáyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá kan náà ló ń kọjú sí fún ìgbà pípẹ́, bíi ti bátìrì. Tíránsífọ́mà ò mọ ohun tó máa fi í ṣe. Irin inú rẹ̀ á kún fún òòfà ju bó ṣe yẹ lọ, á máa gbóná, á máa kùn, á sì da iná ojú wáyà rú títí àwọn ẹ̀rọ aṣọ́nà yóò fi gé ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilẹ̀ bá tún jẹ́ àpáta líle, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àpáta kì í gbé iná bí ilẹ̀ tútù. Iná tí ì bá gba inú ilẹ̀ lọ á wá gba wáyà. Irú àpáta àtayébáyé tó bí Olúmọ ló wà lábẹ́ agbègbè Québec ní Kánádà. Bí wọ́n bá bi ọmọ Ẹ̀gbá ìdí tí iná Québec fi tètè wó, orúkọ ìlú rẹ̀ ti sọ ìdajì ìdáhùn.

Òru ọjọ́ 13 oṣù March 1989 ló wó. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ péré, iná gbogbo agbègbè náà ti kú, ènìyàn mílíọ̀nù 6 sì wà nínú òkùnkùn fún wákàtí 9 pẹ̀lú òtútù. Nínú ìjì yẹn kan náà, ní ilé iṣẹ́ núkílíà Salem ní New Jersey, Amẹ́ríkà, tíránsífọ́mà ńlá tó ń gbé iná ríákítọ̀ jáde sí ìlú jóná nínú débi pé wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ríákítọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ohun tó ṣe é. Nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀, Salem ni ibi tí ọwọ́ oòrùn ti sún mọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà jù, ara wáyà rẹ̀ ló sì dúró sí.

Kí wá ló dé tí àìsí iná fi jẹ́ ọ̀ràn fún ilé tó ń mú iná wá? Ibí yìí ni kí ẹ bá mi fara balẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ mọ ìkòkò tí ẹ ti ń ro ẹ̀kọ tí ẹ fi ń ya aṣọ. Bí ẹ bá fa gbogbo igi kúrò nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní dẹ́kun híhó lójú ẹsẹ̀. Ẹyín iná ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ láìbu omi sí i, á jóná mọ́ ìdí ìkòkò, bẹ́ẹ̀ igi kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ríákítọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀pá tó ń dá a dúró, nínú ọ̀pọ̀ ríákítọ̀, iná ló gbé wọn rọ̀ sókè. Bí iná bá lọ, wọ́n á já bọ́ fúnra wọn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni iṣẹ́ dúró. A ti fa igi jáde nìyẹn. Ẹyín ló kù. Ríákítọ̀ tó ń mú ooru 3,000 mẹ́gáwáàtì wá yóò ṣì máa mú bí 200 wá ní kété tó bá dúró. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ti dín sí nǹkan bí 45, lẹ́yìn ọjọ́ kan bíi 15. Ẹ má fojú kéré 15 yẹn. Ó lè sọ omi tó ju 20,000 lítà lọ di ooru ní wákàtí kan, ìyẹn tánkà omi méjì irú èyí tó ń mí hẹlẹ gun òkè Ìbàrà.

Pọ́ǹpù ló ń bu omi náà, iná ló ń wa pọ́ǹpù, iná yẹn sì sábà máa ń wá láti ìta. Bí ti ìta bá já, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ńláńlá, tí wọ́n ju ẹyọ kan lọ, á tan fúnra wọn kí ẹni tó jókòó tó dìde. Bátìrì wà lẹ́yìn wọn, tó lè gbé iná ojú ẹ̀rọ àti àwọn ohun pàtàkì fún wákàtí díẹ̀. Mo ti rí yín tí ẹ ń rẹ́rìn-ín: iná NEPA, gẹ́ẹ́nì, ínfátà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ètò ilé yín nìyẹn, wọ́n kàn ṣe tiwọn nílá ni.

Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mo mọ ilé iṣẹ́ kan nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ, tí jẹnẹrétọ̀ wọn tóbi ju bọ́ọ̀sì lọ. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń nu ara rẹ̀ tó ń dán. Lọ́jọ́ tí iná lọ tí gbogbo wa nílò rẹ̀, kò tan. Bátìrì kékeré tó ń ta á jí ti kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe àbójútó núkílíà kì í fi béèrè pé ṣé ẹ ní gẹ́ẹ́nì. Wọ́n ń béèrè pé: ìgbà wo lẹ tan án kẹ́yìn, ẹrù wo ló gbé, fún wákàtí mélòó, dísẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mélòó ló sì wà nínú táńkì? Ní Amẹ́ríkà, ti ọjọ́ 7 ló wọ́pọ̀.

Ẹ óò ní Fukushima, ilé iṣẹ́ núkílíà ti Japan, ńkọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù March 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ ló já iná ìta, jẹnẹrétọ̀ sì tan bó ṣe yẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan ni omi òkun dé, tó bo àwọn jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹyín iná ríákítọ̀ mẹ́ta fi yọ́ ìdí ìkòkò. Oòrùn kì í gbé omi òkun wọ yàrá jẹnẹrétọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi gan-an.

Ti ọmọ yín gan-an, ìlú yẹn ti ṣe ìdánwò yìí rí. Ní ọjọ́ 14 oṣù August 2003, iná lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní apá àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Ontario. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù 50 ló wà nínú òkùnkùn. Oòrùn kọ́ ló fà á. Wáyà tó kan igi àti kọ̀ǹpútà tí kò kígbe lásìkò ni. Àmọ́ fún ríákítọ̀, ohun kan náà ni: iná ìta lọ lójijì. Mẹ́sàn-án dúró ní Amẹ́ríkà, ti Pickering náà dúró, kò sì sí èyí tó tú májèlé síta. Irú ríákítọ̀ tí wọ́n ń lò ní Kánádà, CANDU, tún ní omi tó pọ̀ yí epo rẹ̀ ká, omi inú rẹ̀ sì lè máa yí fúnra rẹ̀ láìsí pọ́ǹpù nítorí pé omi gbígbóná ń gòkè, tútù ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fún òṣìṣẹ́ láyè láti ronú.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò sí ohun tó ń kọ mí lóminú. Wákàtí 9 ti Québec kò tó nǹkan. Èyí tí mo máa ń rò ni ìjì irú ti 1859 tó bá ba ọ̀pọ̀ tíránsífọ́mà ńlá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í ta irú rẹ̀ ní Kútọ̀. Ọ̀kan lè wúwo ju 200 tọ́ọ̀nù lọ, kí wọ́n tó ṣe òmíràn sì lè gbà ju ọdún kan lọ. Bí iná ìta ò bá dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ríákítọ̀ á ti tutù, àmọ́ adágún omi tí wọ́n ń kó epo tó ti lò sí ṣì wà níbẹ̀ tó ń gbóná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń retí omi. Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ bíi tèmi, ó ti di ọ̀rọ̀ awakọ̀ tánkà: ta ló ní dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà wo ló gbà wá, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ já a fún? Láti ẹ̀yìn Fukushima ni wọ́n ti ń kó pọ́ǹpù àti jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé fà kiri pamọ́ sítòsí fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti hàn pé ó ṣeé ṣe: ní ilé iṣẹ́ núkílíà Zaporizhzhia ní Ukraine, nítorí ogun, iná ìta já ní oṣù September 2025, ó sì tó nǹkan bí oṣù kan kó tó padà. Jẹnẹrétọ̀ ló gbé e. Ríákítọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níbẹ̀ ti tutù tipẹ́, ìyẹn ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

Ìjì oòrùn tún ní ìwà rere kan tí ìmìtìtì ilẹ̀ ò ní: ó ń kàn ìlẹ̀kùn kó tó wọlé. Sátẹ́láìtì wà níwájú ayé, ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí apá oòrùn, tí ìjì gbọ́dọ̀ kọjá lára rẹ̀ kó tó kàn wá. Ó ń fún wa ní ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan. Láàárín ìyẹn, àwọn tó ń darí iná lè dín ẹrù kù lórí wáyà, ilé iṣẹ́ núkílíà náà lè dín agbára tó ń mú jáde kù kí tíránsífọ́mà má baà gbóná. Ní oṣù May 2024, ìjì tó dé ìpele karùn-ún, tí í ṣe òkè pátápátá nínú òṣùwọ̀n wọn, jà fún ọjọ́ bíi méjì. GPS orí katakata àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ṣìnà. Kò sí ríákítọ̀ kan tó bàjẹ́.

Ó ku ti ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn.

Lọ́dún kan a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Olúmọ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìtànṣán olóró. Bí a ṣe sún mọ́ àpáta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún tá-tá-tá ju bó ṣe ń dún nísàlẹ̀ lọ. Ọmọ kan ju báàgì sílẹ̀, ó fẹ́ sá. Kò sí nǹkan: yùréníọ́mù, tóríọ́mù àti pọtásíọ́mù wà díẹ̀díẹ̀ nínú irú àpáta wa láti ìwáṣẹ̀, àwọn baba wa sì gbé nínú ihò rẹ̀ nígbà ogun, wọ́n bí ọmọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yẹn kò bá sátẹ́láìtì kankan sọ̀rọ̀ kó tó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìjì oòrùn kò lè fọ́ ọ lójú. Ẹnu ló ń dí.

Ohun tí mo ń pè ní ẹnu ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà ròyìn. Àjọ CTBTO ní Vienna, tó ń ṣọ́ àwọn tó bá ń dán bọ́ǹbù núkílíà wò, ṣe ètò ibùdó àti yàrá àyẹ̀wò 337 káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Dimbokro ní Côte d’Ivoire, ní ìwọ̀ oòrùn wa níbí. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́, GPS ni wọ́n sì fi ń mọ ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Lágbègbè wa, ojú ọ̀run ò tilẹ̀ dúró de ìjì kó tó da GPS rú. Ìlà àárín òòfà ayé gba òkè ọya Nàìjíríà kọjá, bí oòrùn bá sì wọ̀, afẹ́fẹ́ oníná tó wà lókè lọ́hùn-ún máa ń hó bí ọṣẹ, pàápàá ní àsìkò March sí April àti September sí October. Láàárín aago méje alẹ́ sí ọ̀gànjọ́, GPS lè máa ṣèrànrán lókè orí wa, tí ẹni tó wà ní Kánádà ò sì mọ ohun tí à ń sọ. Ibi tí a wà kan náà ló ń gbà wá lọ́wọ́ irú èyí tó wó iná Québec, nítorí apá ìpẹ̀kun ayé ni ìyẹn ti ń jà jù. Ọlọ́run fi ìkan lélẹ̀, ó mú ìkan lọ.

Ewu gidi tó wà nínú kí ẹnu ẹ̀rọ dí ni ohun tí ènìyàn máa rò pé ó fà á. Ní oṣù March 2022, nígbà ogun Ukraine, IAEA, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ núkílíà, kéde pé ìròyìn tí ẹ̀rọ aṣọ́ wọn ń fi ránṣẹ́ láti Chernobyl, ilé iṣẹ́ núkílíà àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ti dáwọ́ dúró. Inú ayé dàrú. Ìròyìn ló já, májèlé ò tú. Èyí tó ba ènìyàn lẹ́rù jù tiẹ̀ ti pẹ́: ní ọjọ́ 23 oṣù May 1967, ariwo rédíò láti ojú oòrùn bo àwọn rédà tí Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ bọ́ǹbù Rọ́ṣíà ní apá àríwá ayé. Wọ́n rò pé Rọ́ṣíà ló dí wọn lójú kí wọ́n lè kọlù wọ́n, wọ́n sì ń múra ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé bọ́ǹbù. Àwọn tó ń ṣọ́ oòrùn nínú iṣẹ́ ológun kan náà ló sọ fún wọn lásìkò pé oòrùn ni. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ọjọ́ tí oòrùn àti núkílíà sún mọ́ pípa wá jù, mi ò ní dárúkọ ríákítọ̀ kankan. Ọjọ́ yẹn ni n ó dá.

Nínú ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, èérún láti òkè lè gbá ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan kó sì yí nọ́ńbà kan padà. Wọ́n ti mọ̀. Ní CANDU, ẹ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lórí nǹkan kọ̀ọ̀kan, méjì sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó dá ríákítọ̀ dúró, kí òpùrọ́ kan ṣoṣo má baà da ilé rú.

Ti Nàìjíríà, mà: a ní ríákítọ̀ kan báyìí, ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, láti 2004. Ti ìwádìí ni, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlówáàtì lọ, kò mú iná wá, kò sì nílò pọ́ǹpù. Ẹyín iná tó kù nínú rẹ̀ bó bá dúró kò ju kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se tíì lọ. Ẹ sùn lórí ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń gbèrò láti fi mú iná wá, tí wọ́n ti dárúkọ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom fún, òun ni mo ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, oòrùn kọ́ sì ni ọ̀rọ̀ mi. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé ríákítọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá iná orílẹ̀-èdè lọ. Tiwa sábà máa ń wà láàárín 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì, ó sì ń wó láìsí ìjì kankan. Ohun tí oòrùn lè ṣe fún Kánádà lẹ́ẹ̀kan ní ọgbọ̀n ọdún, wáyà wa ń ṣe é fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Kí wọ́n tún ìyẹn ṣe ná.

Kí ẹ pe ọmọ yín, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Ní Ontario, ẹni tó bá ń gbé láàárín kìlómítà 10 sí ilé iṣẹ́ núkílíà, wọ́n ń já oògùn áyódíìnì, èyí tí kì í jẹ́ kí áyódíìnì olóró láti inú ríákítọ̀ ráyè wọ ọrùn ènìyàn, dé ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wà láàárín 50 lè béèrè. Kì í ṣe oògùn ìjì oòrùn, wọn kì í sì í lò ó láìjẹ́ pé ìjọba ní kí wọ́n lò ó. Ẹ rántí iyọ̀ tí wọ́n ní ká mu ká sì fi wẹ̀ lọ́dún 2014 nítorí Ebola. Irú ohùn WhatsApp báyìí náà ló gbé e dé. Ẹ bi í bóyá oògùn náà wà nílé, ibi tó kó o sí, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí pé yóò bàjẹ́.